Oníbodè Wà Lójú Ọ̀nà: Bí Oúnjẹ Ìrànwọ́ Ṣe Ń Dé Ibi Tí Ogun Wà

Láti Maiduguri dé Bama, ní ìpínlẹ̀ Borno, nǹkan bí kìlómítà 70 ni. Ẹni tó bá ti wọkọ̀ láti Abẹ́òkúta lọ sí Ìbàdàn rí ti rin ìrìn tó tó bẹ́ẹ̀. Ní oṣù kẹfà ọdún 2016, àwọn dókítà àjọ Médecins Sans Frontières (MSF) gba ọ̀nà náà dé Bama, wọ́n sì bá nǹkan bí 24,000 ènìyàn tí ogun Boko Haram lé wọ inú ọgbà ilé ìwòsàn ìlú náà. 15,000 nínú wọn ló jẹ́ ọmọdé. Àwọn dókítà náà ka ibojì tí wọ́n gbẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ ibùdó yìí láàárín ọdún kan, ó jẹ́ 1,233. Ti ọmọdé jẹ́ 480 nínú wọn. Ní gbogbo ìgbà tí wọ́n ń gbẹ́ ibojì wọ̀nyẹn, wọ́n ń ná ọjà ní Maiduguri lójoojúmọ́. Ọkà wà níbẹ̀, ẹ̀wà wà, epo wà.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló gbà pé bí a bá ti rówó, tí a sì rí aláàánú, ebi yóò tán. Owó ṣe kókó, àánú náà ṣe kókó, ṣùgbọ́n láàárín àpò ọkà àti ẹnu ọmọ tí ebi ń pa, ọ̀nà wà, ẹnìkan sì wà tó ń ṣọ́ ọ̀nà náà. Ní ayé ogun Yorùbá, láàárín ọ̀rúndún kọkàndínlógún, oníṣòwò kò lè gba ẹnu ibodè ìlú kọjá láìsan nǹkan fún oníbodè, ohun yòówù kó rù. Iṣẹ́ ìrànwọ́ lágbègbè ogun kò yàtọ̀ sí èyí. Oníbodè pọ̀ lójú ọ̀nà, ohun tí wọ́n sì ń gbà kọjá owó. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ìdí tí oúnjẹ fi ń pẹ́ kó tó dé, ohun tí wọ́n ń gbà yìí ló yẹ kó mọ̀.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo òfin. Àwọn Àdéhùn Geneva ti ọdún 1949, tí Nàìjíríà tẹ́wọ́ gbà ní 1961, sọ pé bí ogun bá bẹ́ sílẹ̀ nínú orílẹ̀-èdè kan, àjọ tí kì í ṣojúsàájú, irú bíi Red Cross àgbáyé, lè tọ gbogbo àwọn tó ń jà lọ pé àwọn fẹ́ ṣèrànwọ́. Àfikún tí wọ́n ṣe sí àdéhùn náà ní 1977 sọ ọ́ di èèwọ̀ láti fi ebi pa ará ìlú nítorí àtiborí ogun. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n àfikún kan náà sọ pé ìjọba orílẹ̀-èdè ọ̀hún gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i kí ìrànwọ́ tó wọlé. Òfin tó ní kí ibodè ṣí sílẹ̀ náà ló fi oníbodè síbẹ̀.

Ní Borno, oníbodè àkọ́kọ́ ni ọmọ ogun Nàìjíríà. Láti ọdún 2015 tí wọ́n ti gba ọ̀pọ̀ ìlú padà lọ́wọ́ Boko Haram, ètò tí wọ́n ń lò ni pé kí wọ́n kó àwọn ará abúlé jọ sínú àwọn ìlú bíi Bama, Dikwa, Monguno, Gwoza àti Ngala, kí wọ́n gbẹ́ yàrà yí ìlú ká, kí ṣọ́jà sì máa ṣọ́ ọ. Àwọn bàbá ńlá wa mọ iṣẹ́ yàrà dáadáa, yàrà ló gba ọ̀pọ̀ ìlú wa là. Ti Borno náà ti gba ọ̀pọ̀ ẹ̀mí là. Àmọ́ àgbẹ̀ tó wà nínú rẹ̀ kò lè rìn jìnnà kó tó di pé wọ́n kà á sí ọ̀tá. Wọn kì í jẹ́ kó gbin bàbà tàbí àgbàdo sí etí ọ̀nà, torí agbébọn lè fara pamọ́ sínú oko tó bá ga. Wọ́n dín ajílẹ̀ kù nínú ọjà, torí wọ́n ń fi irú rẹ̀ kan ṣe bọ́ǹbù. Wọ́n fòfin de ọ̀kadà. Wọ́n dí òwò ẹja láti adágún Chad lọ́wọ́, torí àwọn agbésùnmọ̀mí ń gba owó orí lọ́wọ́ apẹja. Òfin kọ̀ọ̀kan ló nídìí, ẹni tí wọ́n ti fi bọ́ǹbù pa ẹgbẹ́ rẹ̀ lójú ọ̀nà sì mọ ìdí náà jù mí lọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí gbogbo wọn bá parapọ̀, ẹni tó ń fi oko àti ẹja bọ́ ara rẹ̀ tẹ́lẹ̀, tó tún ń tà fún ará Maiduguri, ti di ẹni tó ń retí kí tírélà ìrànwọ́ dé. Ọ̀dá kọ́ ló sọ ọ́ dà bẹ́ẹ̀.

Báwo wá ni tírélà náà ṣe ń dé? Púpọ̀ nínú ọkà tí Àjọ Oúnjẹ Àgbáyé, WFP, ń pín ní Borno ni wọ́n ń rà nínú Nàìjíríà fúnra rẹ̀. Wọn á kó o wá sí ilé ìkẹ́rùsí ní Maiduguri. Láti ibẹ̀ lọ ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀. Àjọ tó fẹ́ kó ẹrù lọ sí Dikwa tàbí Ngala gbọ́dọ̀ kọ ọ́ sílẹ̀ fún àwọn ológun: irú ẹrù tó jẹ́, iye rẹ̀, nọ́ńbà ọkọ̀, orúkọ awakọ̀, ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ gbéra. Bí àṣẹ bá jáde, ọkọ̀ yóò dúró de ọjọ́ tí àwọn ṣọ́jà bá ṣí ọ̀nà tàbí tí wọ́n bá ní ẹ̀ṣọ́ tí yóò sìn wọ́n. Bí ìjà bá ṣẹlẹ̀ lójú ọ̀nà lọ́jọ́ yẹn, gbogbo rẹ̀ di ọjọ́ mìíràn. Tó bá jẹ́ Rann, lẹ́bàá ààlà Cameroon, ni wọ́n ń lọ, wọ́n gbọ́dọ̀ kó ẹrù wọlé kí òjò tó rọ̀, nítorí omi máa ń ká ìlú náà mọ́ fún ọ̀pọ̀ oṣù.

Nǹkan kan wà tí mo fẹ́ ká dúró lé lórí díẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé àti ti ọ̀pọ̀ àjọ ńlá kì í gba ọ̀nà wọ̀nyẹn kọjá. Hẹlikọ́pítà ló ń gbé wọn lọ, tó ń gbé wọn bọ̀. Ẹrù ló ń gba ilẹ̀, àwọn awakọ̀ tí wọ́n háyà tírélà wọn ló sì ń wà á, pẹ̀lú ọmọ ọkọ̀ wọn. Nígbà tí wọ́n bá ń ka ewu iṣẹ́ ìrànwọ́, wọn kì í sábà ka awakọ̀ mọ́ ọn. Bẹ́ẹ̀ òun ló bá ewu pàdé lójúkojú. Kò sí nínú ìpàdé tí wọ́n ti yan ọ̀nà, kò sì sẹ́ni tó ń wọ aṣọ ààbò fún un.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀ṣọ́ náà tún ní ìṣòro tirẹ̀. Ọkọ̀ ìrànwọ́ tí ṣọ́jà bá ń sìn ti dà bí ọkọ̀ ogun lójú ẹni tó ń bá ìjọba jà. Ní ọjọ́ 28 oṣù keje ọdún 2016, oṣù kan péré lẹ́yìn tí ìròyìn Bama jáde, agbébọn kọlu ọ̀wọ́ ọkọ̀ ìrànwọ́ tó ń ti Bama bọ̀ sí Maiduguri pẹ̀lú àwọn ṣọ́jà tó ń sìn ín. Òṣìṣẹ́ UNICEF kan wà lára àwọn tó fara gbọgbẹ́, Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé sì dá ìrìn sí ibi tó léwu dúró fúngbà díẹ̀. Bí àjọ bá sọ pé òun ò fẹ́ ẹ̀ṣọ́, ológun lè ní kò sí ọ̀nà. Bó bá gbà á, ó ti dara pọ̀ mọ́ ìhà kan lójú ìhà kejì. Àjọ kọ̀ọ̀kan ló ń mú èyí tó rò pé òun lè fara dà.

Àwọn tó wà lẹ́yìn yàrà wá ńkọ́? Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ti fojú bù ú pé nǹkan bíi mílíọ̀nù kan ènìyàn ló wà ní ibi tí òṣìṣẹ́ aṣèrànwọ́ kankan kò lè dé ní ìlà-oòrùn àríwá Nàìjíríà. Ní ìlànà Red Cross, ó yẹ kí wọ́n bá ẹni tó bá ń darí ibẹ̀ sọ̀rọ̀, ìbáà ṣe ẹni burúkú, torí ọmọ tí ebi ń pa kọ́ ló yan ẹni tí yóò jọba lé e lórí. Ṣùgbọ́n òfin Nàìjíríà sọ ṣíṣe ìrànwọ́ fún agbésùnmọ̀mí di ẹ̀ṣẹ̀ ńlá, òfin àwọn orílẹ̀-èdè tó ń dáwó náà sọ bẹ́ẹ̀. Ta ló máa fi ẹ̀rí hàn pé àpò ọkà tó wọ abúlé tí Boko Haram ń darí kò wọ ẹnu Boko Haram? Kò sí àjọ tó fẹ́ dáhùn ìbéèrè yẹn ní kóòtù. Nítorí náà, àwọn tó wà lọ́hùn-ún kì í rí nǹkan kan gbà àyàfi bí wọ́n bá sá jáde, tí wọ́n sì fẹsẹ̀ rìn la ibi tí bọ́ǹbù wà nílẹ̀ kọjá.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní 2018 àti 2019 jẹ́ ká rí bí ẹ̀rù ṣe ń ṣiṣẹ́. Ní oṣù kejìlá 2018, ọmọ ogun Nàìjíríà kéde pé àwọn dá iṣẹ́ UNICEF dúró ní ìlà-oòrùn àríwá, wọ́n ní UNICEF ń kọ́ àwọn ènìyàn ní iṣẹ́ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ fún àwọn agbésùnmọ̀mí. Kò pẹ́ tí wọ́n fi yí ọ̀rọ̀ náà padà. Ní oṣù kẹsàn-án 2019, wọ́n ti ọ́fíìsì Action Against Hunger àti Mercy Corps pa, pẹ̀lú ẹ̀sùn pé wọ́n ń ran Boko Haram lọ́wọ́. Àjọ méjèèjì sọ pé irọ́ ni. Ìparí oṣù kẹwàá ni wọ́n tó jẹ́ kí wọ́n padà sẹ́nu iṣẹ́. Láàárín àsìkò yẹn, ẹni tó ń gba oúnjẹ lọ́wọ́ wọn kò ṣẹ ẹnikẹ́ni.

Àjọ tó bá ti rí irú èyí yóò kọ́gbọ́n, ọgbọ́n tí yóò kọ́ ni pé kó pa ẹnu mọ́. Èyí ni mo kà sí owó ibodè tó wọ́n jù lọ. Bí o bá sọ ohun tí o rí, wọ́n lè lé ọ, àwọn tí ò ń tọ́jú á sì kú. Bí o kò bá sọ ọ́, ohun tó ń pa wọ́n kò ní dáwọ́ dúró. Bama ni àpẹẹrẹ rẹ̀ tó hàn jù. Ebi ti ń pa àwọn ènìyàn nínú ọgbà ilé ìwòsàn yẹn fún oṣù púpọ̀, abẹ́ ìṣọ́ ológun ni wọ́n wà, ìwọ̀nba ènìyàn sì ti mọ̀. Ìgbà tí MSF gbé iye ibojì náà jáde fáyé gbọ́ ni ọ̀rọ̀ yí padà. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ìjọba kéde pé ọ̀rọ̀ àìjẹunrekánú ní Borno ti di pàjáwìrì.

Kì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́ tí èyí ń ṣẹlẹ̀ ní Nàìjíríà. Ogun Biafra ni MSF fúnra rẹ̀ ti ṣẹ̀ wá. Àwọn dókítà ará Faransé kan, Bernard Kouchner wà lára wọn, ṣiṣẹ́ lábẹ́ Red Cross ní Biafra. Ìlànà Red Cross ni pé kí òṣìṣẹ́ wọn má sọ ohun tó bá rí síta. Àwọn dókítà yìí kò lè gbé e mì. Ní 1971, àwọn àti àwọn oníròyìn kan dá MSF sílẹ̀.

Àwọn tó dàgbà tó láti rántí ogun náà yóò rántí àwòrán àwọn ọmọ tí ikùn wọn wú, tí irun wọn pọ́n. Ohun tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀ ni iye ìgbà tí wọ́n jókòó ṣe ìpàdé lórí ọ̀nà tí oúnjẹ yóò gbà. Lẹ́yìn tí Port Harcourt bọ́ lọ́wọ́ Biafra ní oṣù karùn-ún 1968, kò sí etíkun kankan lọ́wọ́ wọn mọ́. Ìjọba àpapọ̀ ní kí oúnjẹ gba ojú ilẹ̀ kọjá, kí àwọn lè yẹ ẹrù wò. Àwọn aṣáájú Biafra kọ̀ ọ́, wọ́n ní ìjọba lè fi májèlé sí i, àti pé ọ̀nà tí oúnjẹ bá gbà wọlé ni ọmọ ogun yóò gbà wọlé. Òfurufú ló kù. Òru ni àwọn bàálù ń balẹ̀ sí Uli, lórí títì tí wọ́n mú fẹ̀ tí wọ́n sọ di pápákọ̀. Erékùṣù São Tomé ni ti àwọn ìjọ Kristẹni ti ń gbéra, Fernando Po ni ti Red Cross kọ́kọ́ ń ti lọ, nígbà tó yá wọ́n ń lo Kútọnu náà, ní Dahomey tí a ń pè ní Benin lónìí. Ṣùgbọ́n bàálù tó ń kó ìbọn wọlé náà ń balẹ̀ sí Uli kan náà, lóru kan náà. Ìdí nìyẹn tí ìjọba àpapọ̀ fi ní kí wọ́n máa fò lọ́sàn-án, kí àwọn lè yà wọ́n sọ́tọ̀. Biafra ní rárá, torí bí wọ́n bá ṣí pápákọ̀ náà sílẹ̀ lọ́sàn-án, àwọn bàálù ogun lè tẹ̀lé ti oúnjẹ wọlé. Ní ọjọ́ 5 oṣù kẹfà 1969, bàálù ogun Nàìjíríà yìnbọn lu ọkọ̀ òfurufú Red Cross kan tó kó oúnjẹ, àwọn mẹ́rin tó wà nínú rẹ̀ sì kú. Nígbà tí Red Cross àti ìjọba àpapọ̀ tiẹ̀ wá ṣe àdéhùn ọ̀sán ní oṣù kẹsàn-án ọdún náà, Ojúkwu, olórí Biafra, kò gbà.

Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ogun yẹn ṣì ń dun ọ̀pọ̀ ènìyàn, nílé àti lẹ́yìn odi, ẹnìkọ̀ọ̀kan ló sì ní ẹni tó ń dá lẹ́bi. Bí mo ṣe rí i nìyí: ìhà méjèèjì ní àlàyé tó mọ́gbọ́n wá lẹ́nu wọn fún bí wọ́n ṣe kọ ọ̀nà kọ̀ọ̀kan, ọmọ tó wà láàárín wọn ló fi ẹ̀mí rẹ̀ san án.

Ẹ jẹ́ ká padà sí Borno, sí àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ náà. Ọ̀pọ̀ ń rò pé òyìnbó ni òṣìṣẹ́ aṣèrànwọ́. Rárá o. Àwọn tó pọ̀ jù nínú wọn jẹ́ ọmọ orílẹ̀-èdè tí ogun ti ń ṣẹlẹ̀, àwọn náà ló sì pọ̀ jù nínú àwọn tó ń kú. Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé sọ pé òṣìṣẹ́ aṣèrànwọ́ 383 ni wọ́n pa káàkiri ayé ní 2024. Rann nìkan tó láti sọ ìtàn náà. Ní ọjọ́ 17 oṣù kìíní 2017, bàálù ogun Nàìjíríà ju bọ́ǹbù sí ibùdó àwọn ogunléndé níbẹ̀ lásìkò tí wọ́n ń pín oúnjẹ. Àwọn ológun ní àṣìṣe ni. MSF ní àwọn tó kú kò dín ní 90, àwọn òṣìṣẹ́ Red Cross Nàìjíríà sì wà lára wọn. Ní oṣù kẹta 2018, àwọn agbésùnmọ̀mí kọlu ìlú náà, wọ́n pa òṣìṣẹ́ aṣèrànwọ́ mẹ́ta, wọ́n sì jí obìnrin mẹ́ta gbé, agbẹ̀bí méjì àti nọ́ọ̀sì kan. Wọ́n pa agbẹ̀bí kìíní ní oṣù kẹsàn-án, wọ́n pa èkejì ní oṣù kẹwàá. Nọ́ọ̀sì náà lò ju ọdún mẹ́fà lọ ní ìgbèkùn kó tó bọ́. Ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ìhà ló ṣe ìkọlù méjèèjì yìí, ìlú kékeré kan ṣoṣo ló sì ṣẹlẹ̀ sí.

Ká ní ẹrù ti wá dé. Pínpín náà ní ọgbọ́n tirẹ̀. Àwọn àjọ ní ìwọ̀n tí wọ́n ń tẹ̀lé: agbára oúnjẹ tó tó 2,100 kalori fún ẹnì kan lóòjọ́, omi lítà 15, ilé ìgbẹ́ kan fún ogún ènìyàn. Bí owó bá dín kù, oúnjẹ ni wọ́n máa kọ́kọ́ gé, nígbà mìíràn wọ́n á gé e dé ìdajì. Ọmọdé ní ètò ọ̀tọ̀. Wọ́n á fi okùn pẹlẹbẹ kan tó ní àwọ̀ mẹ́ta wọn apá rẹ̀. Bí apá náà bá kéré ju sẹ̀ǹtímítà 11.5 lọ, ó bọ́ sí pupa, ọmọ náà wà nínú ewu ikú. Láti 11.5 dé 12.5 jẹ́ yẹ́lò. Ìyá tí kò mọ̀wé lè kọ́ ọ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, ohun tó mú kí n fẹ́ràn rẹ̀ nìyẹn, agbára kékeré kan wà lọ́wọ́ ìyá. Ọmọ tó bọ́ sí pupa tí kò ní àìsàn mìíràn kì í sùn sí ilé ìwòsàn mọ́. Wọ́n á fún ìyá rẹ̀ ní Plumpy'Nut, ẹ̀pà lílọ̀ tí wọ́n po mọ́ mílíìkì, ṣúgà, òróró àti èròjà aṣaralóore, nínú sáṣẹ́ẹ̀tì gíráàmù 92. Kò nílò omi, kò nílò iná, kì í sì í tètè bàjẹ́. André Briend, ará Faransé, wà lára àwọn tó ṣe é ní 1996. Ó gba ọ̀sẹ̀ mélòó kan léraléra kí ọmọ tó bọ́ nínú ewu, bí tírélà bá sì pẹ́ láàárín, ọmọ náà lè padà sí ibi tó wà.

Ta ni yóò wà lórí ìwé? Ibí yìí ni oníbodè tó kẹ́yìn jókòó sí, òun ni kò sì jìnnà rárá. Àjọ tó jẹ́ àlejò kò mọ ẹni tó jẹ́ opó, kò mọ ẹni tó dé lánàá. Ó máa bi bùláamà, ìyẹn baálẹ̀ àdúgbò, tàbí alákòóso ibùdó. Bùláamà tó jẹ́ olóòótọ́ máa ń ṣe é dáadáa. Èyí tí kì í ṣe olóòótọ́ máa fi àwọn mọ̀lẹ́bí rẹ̀ síwájú, obìnrin tí kò lọ́kọ, tí kò léèyàn, ni yóò sì jìyà jù. Human Rights Watch kọ ìròyìn ní 2016 nípa obìnrin àti ọmọbìnrin 43 tí wọ́n fìyà ìbálòpọ̀ jẹ ní àwọn ibùdó Maiduguri. Àwọn tó ń ṣọ́ wọn àti àwọn tó ń ṣàkóso ibùdó wà lára àwọn tí wọ́n fẹ̀sùn kàn. Amnesty International tẹ̀lé e pẹ̀lú irú ìròyìn bẹ́ẹ̀ ní 2018. Oúnjẹ ni àwọn oníṣẹ́ ibi náà fi mú àwọn obìnrin yìí. N kò mọ ọ̀rọ̀ tí mo lè fi pè é ju ìwà ìkà lọ, ohun tó sì bí i ni pé ẹnì kan ṣoṣo ló di kọ́kọ́rọ́ ilé oúnjẹ mú, kò sì sẹ́ni tí obìnrin náà lè fẹjọ́ sùn. Ìdí nìyẹn tí àwọn àjọ fi ń gbé àpótí ẹ̀sùn àti nọ́ńbà ìpè ọ̀fẹ́ sí ibùdó, tí wọ́n sì ń wá obìnrin láti máa pín nǹkan. Kò tíì tó.

Jíjí ẹrù ìrànwọ́ kó náà ń ṣẹlẹ̀. Ní 2017, nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Yẹmí Ọ̀ṣínbàjò jẹ́ adelé Ààrẹ, agbẹnusọ rẹ̀ sọ pé ìròyìn ń fi hàn pé ó ṣeé ṣe kí ìdajì oúnjẹ ìjọba tó ń lọ sí ìlà-oòrùn àríwá máa yà bàrá lọ́nà. Àwa tó wà ní ìhà ìwọ̀-oòrùn gúúsù kò lè fojú di àwọn ará ibẹ̀. Ní oṣù kẹwàá 2020, àwọn ará ìlú já ilé ìkẹ́rùsí ní Mazamaza l'Ékòó àti ní Ẹdẹ, wọ́n bá oúnjẹ ìrànwọ́ kòrónà nínú rẹ̀ tí kò tíì dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ni ín. Àti pé àìsí ètò nìkan lè pààyàn láìsí olè rárá. Ní Ìbàdàn, oṣù kejìlá 2024, ọmọ 35 ló kú nínú ìtẹ̀mọ́lẹ̀ níbi tí wọ́n ti fẹ́ pín ẹ̀bùn ọdún fún àwọn ọmọdé ní Bàṣọ̀run. Ẹni tó bá fẹ́ pín nǹkan fún èrò gbọ́dọ̀ ti pín nọ́ńbà ṣáájú, kó pín ìpéjọpọ̀ sí ọ̀pọ̀ ibi, kó sì jẹ́ kí gbogbo ènìyàn mọ̀ pé tiwọn ò ní tán.

Àwọn kan máa ń bínú pé àwọn ogunléndé ń ta oúnjẹ tí wọ́n bá gbà. Wọ́n ń tà á lóòótọ́. Ọkà tí wọn kò tíì lọ̀ kò ṣeé jẹ. Owó ẹ̀rọ wà, owó iyọ̀ wà, ọmọ nílò oògùn, igi ìdáná sì ń bẹ lẹ́yìn yàrà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2024, agbébọn kó ènìyàn tó lé ní 200, obìnrin àti ọmọdé ló pọ̀ jù, lára àwọn tó jáde kúrò ní àwọn ibùdó Ngala láti wá igi. Obìnrin tó ta ọkà díẹ̀ kó lè ra igi lọ́wọ́ ẹlòmíràn mọ ohun tó ń rà. Ìdí tí pípín owó fún wọn fi sàn ju pípín àpò ọkà lọ níbi tí ọjà bá ti wà nìyí: ìyá á ra ohun tó nílò, àwọn oníṣòwò àdúgbò á sì rí tiwọn jẹ. Ṣùgbọ́n owó wà lára ohun tí àwọn ológun ń fura sí jù ní Borno.

Àjálù tí kò ní ọ̀tá nínú máa ń yára ju èyí lọ. Ní ọjọ́ 10 oṣù kẹsàn-án 2024, dáàmù Alau já, omi sì ya wọ Maiduguri lóru. Ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ ìṣègùn kún fún omi, ẹlẹ́wọ̀n 281 sá lọ, ọ̀nì ti ọgbà ẹranko wọ àárín ìlú. Nǹkan bí 400,000 ènìyàn ló fi ilé sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ti sá fún ogun tẹ́lẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń bèèrè ìwé àṣẹ ní ọ̀sẹ̀ yẹn. Ìjọba ń pe gbogbo àgbáyé pé kí wọ́n wá, oúnjẹ ń wọlé lójú gbogbo ènìyàn. Wọ́n tún ṣí ibùdó Bakassi, tí Zulum, gómìnà Borno, ti tì pa ní 2021 pẹ̀lú ìlérí pé àsìkò ibùdó ti tán nínú ìlú. Bí ọ̀nà bá ṣí, iṣẹ́ náà ń lọ bó ṣe yẹ.

Àìsówó ló ń ti ilẹ̀kùn báyìí. Láti ìbẹ̀rẹ̀ 2025 tí Amẹ́ríkà, tó ń dáwó ju gbogbo orílẹ̀-èdè lọ nígbà náà, ti gé ìrànwọ́ rẹ̀ kù, tí wọ́n sì pa àjọ USAID rẹ́, ilé ìkẹ́rùsí ti ń ṣófo. Ní oṣù keje ọdún náà, WFP kéde pé oúnjẹ àwọn 1.3 mílíọ̀nù ènìyàn ní ìlà-oòrùn àríwá Nàìjíríà fẹ́ tán pátápátá, àti pé ibi ìtọ́jú àìjẹunrekánú 150 yóò tì. Owó tó bá dé lẹ́yìn oṣù mẹ́ta kò ṣe ohun tí ìbá ti ṣe lónìí, torí láti ọjọ́ tí wọ́n bá fọwọ́ sí i títí di ọjọ́ tí àpò ọkà yóò bọ́ sílẹ̀ ní Rann, oṣù púpọ̀ lè wà láàárín.

Nítorí náà, bí ìjọ yín tàbí ẹgbẹ́ ọmọ ìlú yín, ní Ìlọrin o, ní Peckham o, ní Houston o, bá fẹ́ ṣe nǹkan, mo bẹ̀ yín, ẹ má kó aṣọ àlòkù jọ, ẹ má sì kó oògùn tó kù nílé ránṣẹ́. Lẹ́yìn ìgbì òkun ńlá (tsunami) tó kọlu Aceh ní Indonesia ní 2004, nǹkan bí 4,000 tọ́ọ̀nù oògùn ni wọ́n kó lọ síbẹ̀, ọ̀pọ̀ rẹ̀ ni kò sẹ́ni tó bèèrè rẹ̀, ìyà sísun rẹ̀ nù ló kù fún àwọn tí àjálù bá. Ẹ fi owó ránṣẹ́, ẹ wá àjọ ìbílẹ̀ tó ti wà níbẹ̀ kí ìròyìn tó dé. Kí ẹ tó fi ránṣẹ́, ẹ bi wọ́n léèrè ẹni tó kọ orúkọ sínú ìwé wọn, àti bóyá obìnrin wà lára àwọn tó ń pín in. Ẹ bi wọ́n iye ìgbà tí ọ̀nà ṣí fún wọn lọ́dún tó kọjá. Ẹ sì bi wọ́n pé bí wọ́n bá jí awakọ̀ wọn gbé, ta ni yóò máa san owó oṣù rẹ̀ fún ìyàwó rẹ̀.